Ìwọ̀ Tí Ó Dúró De Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà yín sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn kí ẹrẹ̀ má bàa kún ilé ìyá yín àgbà. Mo ti ń wò yín bọ̀ láti òkèèrè. Bí mo ṣe rí i pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Ọ̀pá ìpẹja tuntun tí ẹ rà ní Ìbàdàn, ẹ gbé e lọ sí Ọ̀fíkì láàárọ̀ bí ẹni gbé ọ̀pá oyè. Nígbà tí ẹ ó fi dé, okùn kò sí lára rẹ̀ mọ́, ìwọ̀ mẹ́rin ti lọ, ẹja kò sì sí. Rìdí, má fajú ro báyẹn. Bísí, bá mi sún àga yìí sí ẹnu ọ̀nà kí n lè rí ojú yín. Odò tó gba ìwọ̀ yín lónìí ti gba tèmi rí, ó sì kù díẹ̀ kó gba ìyàwó mọ́ ọn.

Ìyàwó wo kẹ̀? Èyí tó ń gún ata lẹ́yìnkùlé yẹn ni. Ẹ jẹ́ kó máa gún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Ìgbó-Ọrà ni, mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi, mo fi téèpù kọ́ ọrùn káàkiri ìlú, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn ń fi òwú ṣe láyé yìí tí mi ò mọ̀. Àṣàkẹ́ wá rán aṣọ ọdún lọ́dọ̀ mi. Ó ní ọwọ́ aṣọ náà fún òun jù, mo bá a tú u. Ó tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì pé ọrùn rẹ̀ ń kó òun láyà sóke, mo tún tú u. Ìgbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti rí i pé aṣọ náà kò ní àbùkù kankan. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí abúlé wọn nìyẹn, ní apá Tápà, létí Ọ̀fíkì, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí mo bá ti kírun tán.

Ọ̀kadà kò sí. Ọ̀nà tóóró ni, láàárín ọkà bàbà tó ga ju ènìyàn lọ, tí atẹ́gùn bá sì fẹ́ ẹ, gbogbo oko á máa dún ṣàà, ṣàà, bí ìgbà tí ẹni mẹ́wàá bá ń fa aṣọ tuntun ya lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó ti gbọ́ odò kí ẹ tó rí i. Nígbà òjò, ohùn rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ènìyàn wọ inú yàrá, húùùù, láìsinmi, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ tí kì í dé. Èmi ará ìgboro, mi ò lè sùn. Àwọn ará abúlé ní tí ohùn yẹn bá dákẹ́ làwọn kì í lè sùn.

Ní abúlé náà, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gbé ẹja gbígbẹ wá pẹ̀lú ẹrù ìtọrọ, ẹja tí òun fúnra rẹ̀ fi ìwọ̀ pa nínú Ọ̀fíkì, láti orí bèbè. Ẹ ò lè rà á lọ́jà Ìgàngán kí ẹ wá pè é ní tiyín. Wọ́n á mọ̀. Bóyá olówó ni yín o, bóyá alùfáà ni yín o, ẹ ó dúró sínú ẹrẹ̀ bí gbogbo ènìyàn. Nítorí náà ni mo ṣe lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá Àṣàkẹ́ pé kí wọ́n kọ́ mi.

Ìyá Múdà ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n, nítorí Múdàṣírù, ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, ni àkọ́bí wọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, tí ẹ bá rí wọn lọ́jà ẹ ò ní wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ni wọ́n ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja tí abúlé ń jẹ. Wọn ò ní àwọ̀n, wọn ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Okùn ọ̀rá ni wọ́n ká mọ́ igi kúkurú kan. Òkúta wà ní ìdí okùn náà kó lè rì, ìwọ̀ sì wà lókè òkúta díẹ̀, pẹ̀lú ekòló lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á fì í yí orí po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á jù ú sílẹ̀, á lọ bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́ gan-an, pó, bíi pé ẹnì kan ló nawọ́ gbà á níbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní tí èmi náà fì í, mo fì í lẹ́ẹ̀mẹta bí mo ṣe rí i. Ohun tí mo kọ́kọ́ pa ni gèlè ìyá ìyàwó mi.

"Télọ̀," wọn ò tilẹ̀ yíjú wò mí, "ìwọ̀ rẹ ti mú nǹkan. Wá yọ ọ́."

Múdà ti wó lulẹ̀, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè mí. "Télọ̀! O wá tọrọ ọmọ, o tún fẹ́ fa ìyá lọ! Ṣé ẹyọ kan kò tó ọ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ Jímọ́ọ̀ mi. Àṣàkẹ́ tó ń fọṣọ nísàlẹ̀ da ojú kọ omi, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì.

Lẹ́yìn èyí, mo mọ̀ ọ́n jù dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá jù kì í padà. Ìwọ̀ tí mo rà ní Èrúwà lọ. Èyí tí mo rà ní Tápà tẹ̀ lé e. Mo máa ń fà, okùn á le gan-gan-gan, á dún bí goje, tá-à! Ó ti já. Bí ó ṣe ṣe yín lónìí gan-an ni. Nígbà tó di kẹsàn-án, Ìyá Múdà ní kí n ká okùn mi.

"Ìwọ̀ rẹ ti tán?"

"Ó ti tán, Màmá."

"Máa lọ sílé. Kí odò fà ná. Mi ò lè kọ́ ọ ní ohun tí ojú rẹ kò tíì rí."

Mo rò pé wọ́n lé mi ni.

Ó di àárín ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ ti mú kí ètè gbogbo ènìyàn là, wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Ìgbó-Ọrà pé kí n wá láàárọ̀ kùtù, kí n má wọ bàtà. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti dé Èkó, mo ti dé Kánò, mo sì ti rí òkun. Mi ò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó sì dùn mọ́ mi pọ̀ bí ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Odò ti lọ. Ó ṣẹ́ ku ibú kéékèèké níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, tí omi rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ìsàlẹ̀ Ọ̀fíkì wà níta gbangba: àpáta tí omi ti fọ̀ dán bí àwo, tó sì ti lu ihò róbótó-róbótó sí lára bí odó, kùkùté igi dúdú bí èédú, ìkarahun funfun káàkiri orí yanrìn. A sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni wọ inú ilé onílé tí onílé kò sí níbẹ̀. Mo gbójú sókè. Mo rí koríko gbígbẹ àti ìdọ̀tí tó há sórí ẹ̀ka igi, ó ga ju orí mi lọ ní ìlọ́po méjì. Mo ní, "Màmá, ta ló kó ìyẹn sórí igi?"

"Odò ni. Ibi tí omi dé nìyẹn nígbà òjò. Ibi tí o dúró sí yìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lo wà."

Mo dúró níbẹ̀, mo ń mí, níbi tí ènìyàn kò ti lè mí.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń mú mi kí àwọn ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí gbogbo wọn ló lórúkọ. Gbòǹgbò kan tẹ́ rẹrẹ bí obìnrin tó jókòó sílẹ̀ tó na ẹsẹ̀: Ìyálé lorúkọ rẹ̀. Tí okùn rẹ bá kọ́ ọ, má fà á, rìn lọ sókè odò díẹ̀, dẹ okùn fún un, á fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àpáta méjì tí àlàfo tóóró wà láàárín wọn: Ẹnu Lọ́yà, nítorí ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́. Àti kùkùté ńlá kan ní àárín odò tó yọ ẹ̀ka sókè bí ọwọ́ tó ń bèèrè nǹkan. Agbowó-orí ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ ò mọ ohun tí orúkọ yẹn jẹ́ fún àgbẹ̀ láyé ìgbà náà. Àwọn bàbá mìíràn máa ń sá wọ igbó tí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Ìwọ̀ ló bo kùkùté náà láti òkè délẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn mìíràn ti dípẹtà di bí èèpo igi, àwọn mìíràn sì ń dán. Ìyá Múdà ń fi ìka kàn wọ́n. "Ti ará Ìgàngán kan nìyí, ọkùnrin onígbéraga. Ti bàbá mi nìyí, kí n tó lọ́kọ. Tìrẹ nìyí, tìrẹ nìyí, tìrẹ nìyí." Mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án mi ló wà níbẹ̀. Mo da ojú bolẹ̀.

Wọ́n ní kí n dijú. Wọ́n ní kí n máa fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà lórí ilẹ̀ odò náà, kí n máa dárúkọ ohun tí mo bá kàn. Odindi àárọ̀ kan la fi ṣe é. Tí mo bá ṣì í, wọ́n á ní, "Padà sẹ́yìn." Lẹ́yìn náà a gun bèbè, a dúró lórí òkúta pẹlẹbẹ oníhò méjì tí àwọn obìnrin ń fọṣọ lé lórí. Wọ́n na apá méjèèjì, wọ́n na okùn láti orí ìka dé orí ìka. Ìyẹn ni ìnà kan. Okùn wọn jẹ́ ogún ìnà. "Dúró síbí, kọjú sí igi àràbà tó wà lódìkejì. Tí o bá ju ìnà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yanrìn ni, ẹja àrọ̀ sì máa ń wá síbẹ̀. Tí o bá jù ú dé ogún, ọwọ́ Agbowó-orí ló bọ́ sí. Nígbà tí omi bá dé, o ò ní rí ìkankan nínú gbogbo èyí mọ́. Inú orí rẹ ni kó wà."

Wọ́n wá kọ́ mi bí a ṣe ń so òkúta. Wọ́n yọ òwú kan lára àkísà wọn, òwú tó ti gbó débi pé tí ẹ bá sín sí i á já. Òun ni wọ́n fi so òkúta mọ́ okùn. "Òkúta ló máa ń kọ́kọ́ há. Tó bá há, fà á. Òwú á já, odò á mú òkúta, ìwọ̀ á bá ọ wálé."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Nínú mi, ẹ̀rín ń pa mí. Èmi, aránṣọ, kí n fi òwú àkísà so nǹkan?

Òjò padà dé, odò kún, gbogbo ohun tí mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ omi pupa. Ó bọ́ sí oṣù àwẹ̀. A ti fi ìtọrọ sí ẹ̀yìn Ìtúnu Àwẹ̀. Ìyá Múdà pè mí, wọ́n tú ìdí aṣọ wọn, wọ́n mú ìwọ̀ kan jáde. Dúdú ni, ó nípọn, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Alágbẹ̀dẹ ni ọkọ wọn, bàbá Àṣàkẹ́, kó tó kú. Ó rọ ìwọ̀ méjìlá fún wọn nígbà ayé rẹ̀.

"Èyí ló kù," wọ́n ní. "Fi pa ẹja ìtọrọ rẹ. Kí bàbá rẹ̀ náà lọ́wọ́ sí i."

Ẹ ò rí nǹkan! Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Bí mo ṣe dé etí odò, mo wo òwú àkísà yẹn, mo wo ìwọ̀ olóògbé, ọkàn mi kò gbà. Mo ní irú ìwọ̀ báyìí kò yẹ fún òwú jákujàku. Mo fa òwú ìránṣọ mi yọ, mo fi ìlọ́po méjì ṣe é, mo fi ìda pa á lára, mo sì ta á ní kókó tí ọ̀gá mi máa ń ta sí bọ́tìnnì agbádá. Mo dúró lórí òkúta ìfọṣọ. Mo kọjú sí àràbà. Ìnà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lọ́kàn mi, mo búra fún yín. Ṣùgbọ́n ẹja ńlá kan sọ lókè omi, lọ́ọ̀ọ́kán, ó tó itan ènìyàn. Ẹni tó gbààwẹ̀ ni mí, ebi ń pa mí, mo ti ń rí i nínú agbada. Mo tú gbogbo ogún sílẹ̀.

Agbowó-orí gbà á.

Mo fà, kò mì. Mo rìn sókè odò, mo dẹ ẹ́, kò mì. Òwú tó yẹ kó já kò já, nítorí èmi ni mo ta kókó rẹ̀. Múdà sáré dé.

"Já a sílẹ̀, Télọ̀! Odò ń gun!"

"Ìwọ̀ bàbá yín ni!"

"Ìwọ̀ bàbá ta?"

Mo ká okùn mọ́ ọwọ́, mo fi ìwúwo ara mi fà á. Ẹ wo ìka yìí, àpá rẹ̀ rèé. Ó gé mi wọ egungun, ọwọ́ mi là, okùn yọ́ kúrò, gbogbo rẹ̀ lọ, ogún ìnà, pẹ̀lú igi tí wọ́n ká a mọ́. Mo dúró níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí òkúta ìfọṣọ.

Ìyá Múdà dé. Wọ́n kọ́kọ́ ya etí ìró wọn, wọ́n fi di ìka mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Òwú wo lo fi so òkúta?"

Mo fẹ́ purọ́, ẹ̀yin ọmọ. Àṣàkẹ́ ń wò mí.

"Òwú ìránṣọ ni, Màmá. Ìlọ́po méjì. Mo fi ìda pa á."

Wọ́n wo omi títí. "Níbo lo dúró sí?"

"Ibí gan-an."

"Kí lo kọjú sí?"

"Àràbà."

"Ṣé okùn ti le kó tó lọ, àbí ó dẹ̀?"

"Ó le gan-an, Màmá."

"Ó dáa. Kí odò fà ná."

Múdà ní, "Kí odò fà kẹ̀? Ìtọrọ ńkọ́? Ẹni tí kò lè tọ́jú ìwọ̀ kan ṣoṣo, òun la fẹ́ gbé ọmọ wa fún?"

"Múdàṣírù, mo ní kí odò fà."

Wọn ò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ìtúnu Àwẹ̀ dé, ó kọjá. Ẹrù ìtọrọ wà ní igun yàrá mi ní Ìgbó-Ọrà, eku ti ń wò ó. Ní gbogbo Jímọ́ọ̀, mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ wo odò bí ẹni ń lọ kí aláìsàn. Ọ̀sẹ̀ kan, orí Ìyálé yọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, èjìká rẹ̀. Mo bi Àṣàkẹ́ pé, "Ṣé ó ṣì máa wà níbẹ̀ báyìí?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ so ó. Tí òwú yín bá jẹrà, omi ti gbé ìwọ̀ bàbá mi dé Abẹ́òkúta nìyẹn. Tí kò bá jẹrà, ó wà níbẹ̀."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún kókó tó sọ mí di aláìníyàwó nìyẹn. Mo ń kírun, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má tú.

Lẹ́yìn Iléyá, ilẹ̀ odò yọ. Orúnkún Ìyá Múdà ti ń dùn wọ́n, wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n jókòó lórí òkúta ìfọṣọ, wọ́n na okùn tuntun ní apá wọn, ogún ìnà, wọ́n di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n ní kí n di orí rẹ̀ mú kí n máa rìn lọ sápá àràbà títí tí yóò fi le. Abúlé ti jáde. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Mo rìn, mo rìn, mo ń gbọ́ bí yanrìn ṣe ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Okùn le. Mo dúró. Iwájú Agbowó-orí ni, ó ku bí ẹsẹ̀ kan kí n fọwọ́ kàn án. Yanrìn ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn.

"Màmá, mi ò rí nǹkan kan!"

"Wà á."

Mo fi ọwọ́ wà á. Yanrìn gbígbẹ, yanrìn tútù, lẹ́yìn náà okùn, tí ewédò ti bò. Mo tẹ̀ lé okùn náà wọ abẹ́ gbòǹgbò Agbowó-orí. Òkúta mi há síbẹ̀. Òwú mi wà lára rẹ̀, kókó rẹ̀ kò yẹ̀. Lókè rẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀ bàbá Àṣàkẹ́, ìpẹtà tín-ín-rín kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Ariwo sọ. Ojú mi wà lára Ìyá Múdà. Obìnrin yìí jókòó sórí òkúta, wọ́n fi apá wọn méjèèjì wọn omi tó ti lọ, wọ́n sì fi ìka lé ibi tí abẹ́rẹ́ irin kan wà nínú gbogbo Ọ̀fíkì.

Mo gbé e lọ fún wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n yẹ kókó náà wò, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n fi èékánná gbìyànjú rẹ̀.

"Kókó yìí dára," wọ́n ní. "Irú rẹ̀ ni kó o máa fi rán aṣọ ọmọ mi." Wọ́n fi eyín gé e jù nù, wọ́n yọ òwú kan lára àkísà, wọ́n nà án sí mi. "Irú èyí ni ti odò. Ó ku ẹja."

Inú ibú tó kù ni mo ti pa àrọ̀ méjì ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Múdà ló jẹ orí èyí tó tóbi.

Ìwọ̀ náà ló wà lára ògiri yẹn, lábẹ́ téèpù mi. Ẹ ti rò pé ìṣó ni, àbí? Ìyá Múdà ti lọ, ó ti pẹ́. Àwọn tó ń wa yanrìn ti gbé ọkọ̀ típà wọ ibi tí Ìyálé jókòó sí, wọ́n ti hú u. Àwọn ọmọ abúlé pàápàá ń gun ọ̀kadà kọjá lórí afárá, wọn kì í wo ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń mú ẹnikẹ́ni rìn lórí ilẹ̀ odò mọ́. Mo máa ń rò pé nígbà tí èmi bá lọ, kò ní sí ẹni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ omi yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Níbo lẹ dúró sí lónìí, nígbà tí okùn yín já?

Rìdí kò mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. Bísí, kí lo fẹ́ sọ? Sọ ọ́ sókè.

"Orí òkúta pẹlẹbẹ kan ni, Bàbá, ó ní ihò méjì lára. Mo kọjú sí igi ńlá kan tí àrá ti sán orí rẹ̀. Okùn wa já nídìí ìwọ̀, èyí tó kù ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti ká a."

Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o. Àrá ti sán orí àràbà!

Àṣàkẹ́! Fi ata yẹn sílẹ̀ ná, wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ. Bá mi mú àkísà kan bọ̀. Àti ìwọ, Bísí, gbé okùn tó kù yẹn wá, dúró síwájú mi, na apá rẹ méjèèjì kí a wọ̀n ọ́n. Má banú jẹ́ mọ́. Kí odò fà ná.